Àṣáró kọ́, kásáróòlù ni: bí a ṣe ń yan cottage pie fún oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́

Nígbà tí ìyá mi wá kí wa ní London láti Ìbàdàn, ọmọ mi obìnrin sáré lọ sọ fún wọn pé kásáróòlù ni a máa jẹ lálẹ́. Màmá ní, "Àṣáró? Ó dára o. Ẹ tiẹ̀ ń rí iṣu rà níbí?" Wọ́n jókòó ti tábìlì, wọ́n ń retí àṣáró elépo. Àwo tí mo wá gbé jáde nínú ófìnì, pòtétò ló bò ó lórí, ó pọ́n bí èèpo búrẹ́dì. Màmá wò ó títí. Wọ́n ní, "Èyí ni àṣáró yín?" Wọ́n jẹ ẹ́ ṣá, wọ́n sì ní kí n bu díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ti ń pe oúnjẹ náà ní àṣáró òyìnbó, èmi náà ò sì bá wọn jà mọ́.

Kásáróòlù fúnra rẹ̀ kì í ṣe orúkọ oúnjẹ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ìkòkò ni wọ́n ń fi pè níbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé orúkọ ìkòkò di orúkọ ohun tí wọ́n sè nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ohunkóhun tí ẹ bá tò sínú àwo kan tí ẹ tì bọ ófìnì, kásáróòlù ni: ìbáà jẹ́ núdùsù àti ẹja tuna, ìbáà jẹ́ ìrẹsì àti adìyẹ. Nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù nílé àwa tí a wà ní ìlú ọba ni cottage pie: ẹran lílọ̀ tí a sè títí ó fi ki, tí a fi pòtétò rírún bò, tí a wá yan. Cottage ni ilé kékeré tí àwọn ará oko ń gbé, orúkọ oúnjẹ náà sì ti wà láti ọdún 1791, ó kéré tán. Oúnjẹ mẹ̀kúnnù ni. Ẹran tó ṣẹ́ kù lára èyí tí wọ́n yan lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n á fi pòtétò bo àṣírí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹran àgùntàn, shepherd's pie ni wọ́n ń pè é, torí pé olùṣọ́-àgùntàn ni shepherd. Ẹ má pe ti màlúù ní shepherd's pie níwájú àgbàlagbà Gẹ̀ẹ́sì o. Wọ́n á fi pẹ̀lẹ́tù ṣe àtúnṣe fún yín, àtúnṣe náà ò sì ní tètè tán.

Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ, ohun kan ni kí ẹ dì mú: omi ni ọ̀tá oúnjẹ yìí. Omi inú ẹran, omi inú pòtétò. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń dín ata títí omi rẹ̀ fi gbẹ, tí òróró fi léfòó, iṣẹ́ yìí ò lè ṣòro fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo kánjú, ọbẹ̀ ẹran náà ń ṣàn. Pòtétò tí mo dà lé e lórí rì sínú rẹ̀, a sì fi ṣíbí mu ún nínú abọ́ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Èyí tó tó àgbà méjì àti ọmọ mẹ́ta ni mo ń sọ yìí.

Ẹran màlúù lílọ̀, 500 gíráàmù. Ní ilé ìtajà ìlú ọba, wọ́n máa ń kọ iye ọ̀rá sí i lára: 5%, 12% tàbí 20%. Èyí tó jẹ́ 12% ni mo fara mọ́. Ti 5% máa ń gbẹ lẹ́nu. Ti 20%, ọ̀rá tí ẹ máa bù dànù pọ̀ ju owó tí ẹ fi pa mọ́ lọ.

Pòtétò, kílò 1. Irú tó máa ń rọ̀ bí ìyẹ̀fun tó bá jinná ni ẹ fẹ́, bíi Maris Piper tàbí King Edward. Ẹ fi àwọn kéékèèké tó ń dán, tí wọ́n ń sè fún sàláàdì, sílẹ̀. Wọn kì í rún dáadáa.

Àlùbọ́sà 2, kárọ́ọ̀tì 2, aáyù 2, ata rodo 1, písì inú fírísà bí 150 gíráàmù. Tòmátò inú agolo, èyí tó ki, ṣíbí ìjẹun 2. Fùláwà ṣíbí ìjẹun 1. Maggi tàbí Knorr 1, ẹ yọ́ ọ sínú omi gbígbóná 300 mìlílítà. Táìmù ṣíbí tíì 1, kọ́rì ìdajì rẹ̀. Fún pòtétò: bọ́tà 50 gíráàmù, mílíìkì 100 mìlílítà. Ṣíìsì cheddar, 75 gíráàmù, tí ẹ ti rin. Òróró àti iyọ̀, ẹ mọ èyí.

Bí Worcestershire sauce bá wà nílé, ẹ kán ṣíbí ìjẹun kan sí i. Ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n rẹ pẹ́ títí wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, iṣẹ́ tí irú ń ṣe nínú ọbẹ̀ wa ló sì ń ṣe. Bí kò bá sí, ẹ má torí rẹ̀ jáde nílé. Mo ti dán irú gan-an wò rí, irú pẹ̀tẹ̀, ṣíbí tíì kan. Ó dùn o, àmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ohun tí mo bá gbé jáde nínú ófìnì ló ń ta irú, títí kan kéèkì ọjọ́ ìbí.

Àwo tí ẹ máa fi yan án, kó gba nǹkan bíi lítà 2. Tèmi gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ tó 20. Ti gíláàsì dára, ti tánganran náà dára.

Pòtétò ló ń kọ́kọ́ lọ sórí iná

Bí mo bá wọlé ní agogo mẹ́fà ku ìṣẹ́jú 15, kí n tó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ ni mo ti máa ń mú ọ̀bẹ. Ẹ bó pòtétò, ẹ gé e kó dọ́gba, kí ìkọ̀ọ̀kan tó ìdajì ẹyin adìyẹ. Bí kò bá dọ́gba, àwọn kan á ti túká nígbà tí àwọn kan ṣì le. Omi tútù ni kí ẹ bù lé e, kì í ṣe omi híhó. Inú omi híhó, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti di ẹ̀kọ kí àárín rẹ̀ tó rọ̀. Ẹ fi iyọ̀ ṣíbí tíì kan sí i, ẹ gbé e kaná. Láti ìgbà tó bá ti hó, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ti tó. Ẹ fi ọ̀bẹ gún un. Bí ọ̀bẹ bá wọlé tí kò rí ìdènà, ó ti jinná.

Ẹran ni ẹ máa dojú kọ nígbà tí pòtétò bá ń hó. Bí àwọn ọmọ yín bá ti dàgbà tó láti di ọ̀bẹ mú, àsìkò yìí ni kí ẹ pè wọ́n wá gé kárọ́ọ̀tì.

Ẹran

Ẹ gbé páànù tó fẹ̀ kaná, kó gbóná dáadáa, ẹ da òróró ṣíbí kan sí i. Ìdajì ẹran ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, páànù á tutù, ẹran á tú omi sílẹ̀, á wá máa bọ̀ nínú omi ara rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ á rí bí eérú, kò sì ní ní adùn tí ẹran díndín ń ní. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú páànù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti yí i. Ẹ mú sùúrù fún ìṣẹ́jú 3. Nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ yí i padà, ẹ fi ṣíbí tú u ká, ẹ kó o sílẹ̀, kí ẹ sì ṣe ìdajì kejì. Bí ọ̀rá bá pọ̀ nínú páànù, ẹ bù ú kúrò, kó ku bíi ṣíbí kan. Ohun dúdú tó lẹ̀ mọ́ ìdí páànù, ẹ má fọ̀ ọ́ o. Adùn ọbẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ dín iná kù díẹ̀. Ẹ da àlùbọ́sà tí ẹ gé wẹ́wẹ́ àti kárọ́ọ̀tì sínú páànù kan náà pẹ̀lú iyọ̀ fínfín. Ìṣẹ́jú 8 ló máa gbà kí àlùbọ́sà tó rọ̀. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ á bá yín tú ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí páànù. Ẹ fi aáyù àti ata rodo sí i. Nítorí àwọn ọmọ, èmi máa ń yọ kóró rodo, ọkọ mi á sì bu ata gígún sí tirẹ̀ lórí tábìlì.

Tòmátò agolo ló kàn. Ẹ dín in. Bí ẹ bá kàn dà á sí i tí ẹ bu omi lé e, kíkan rẹ̀ kò ní lọ, oúnjẹ náà á máa dùn bí agolo. Ẹ yí i mọ́ àlùbọ́sà fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, títí pupa rẹ̀ fi ṣú, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ páànù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ́n fùláwà sí i, kí ẹ yí i fún ìṣẹ́jú kan kí ìyẹ̀fun má ba máa rùn níbẹ̀. Fùláwà yìí ló máa mú ọbẹ̀ ki.

Ẹ dá ẹran padà sínú páànù. Ẹ bu omi Maggi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa yí i, kó má ba kó kókó. Táìmù, kọ́rì, Worcestershire bó bá wà. Ẹ jẹ́ kó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, láìbò ó. Bí ẹ bá dé e, ooru tó yẹ kó jáde á tún rọ̀ sínú rẹ̀ padà. Àsìkò yìí ni kí ẹ tan ófìnì sí 200°C. Bó bá jẹ́ èyí tó ní fáànù nínú, 180°C. Bó bá jẹ́ oní-gáàsì, nọ́ńbà 6.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ki tó? Ẹ fi ṣíbí la àárín rẹ̀ kọjá, kí ìdí páànù hàn. Bí ọbẹ̀ bá sáré padà wá bo ojú ọ̀nà náà, kò tíì tó. Bí ọ̀nà náà bá dúró kí ẹ lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti tó. Ẹ tọ́ ọ wò. Kí ó dùn ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ ní ìwọ̀n díẹ̀, torí pé pòtétò á gba iyọ̀ lára rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni písì ń wọlé, torí yìnyín ara rẹ̀ omi ni.

A kò gún iyán o

Bí pòtétò bá ti jinná, ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ dá a padà sínú ìkòkò tó ṣì gbóná, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ láìbò fún ìṣẹ́jú 3 tàbí 4. Ẹ ó rí i tí ooru á máa gbéra lórí rẹ̀. Omi tí a ń bá jà nìyẹn tó ń lọ.

Ẹ gbé mílíìkì àti bọ́tà kaná títí bọ́tà á fi yọ́. Ẹ fi irin ìrún pòtétò tàbí fọ́ọ̀kì rún un nígbà tó ṣì gbóná, kí ẹ wá da mílíìkì náà sí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti rọ̀, tí kò sí kókó, ẹ dúró. Ọmọ Yorùbá tó bá rí ohun rírọ̀ nínú ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ gún un ni. Ẹ má gún un. Tí ẹ bá lù ú jù, sítáàṣì inú rẹ̀ á tú jáde, á sì máa fà bí àtè. Fífà dára nínú iyán, kò dára níbí. Bulẹ́ńdà sì burú ju odó lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ pòtétò rẹ̀ nínú bulẹ́ńdà lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò rí ohun tó jọ gọ́ọ̀mù ilé ìwé bẹ́ẹ̀ rí.

Títò àti yíyan

Ẹ da ẹran sínú àwo, ẹ tẹ́ ẹ kó dọ́gba, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kó rọlẹ̀ díẹ̀. Tí ẹran bá ṣì ń hó nígbà tí pòtétò bọ́ sórí rẹ̀, pòtétò á rì.

Etí àwo ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí gbé pòtétò yí etí ká, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri àwo, bí ẹni ń mọ ọgbà, kí ẹ tó wá dí àárín. Tí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sí àárín tí ẹ ń tẹ́ ẹ lọ sẹ́yìn, ẹran á gba etí yọ, á sì hó dà sínú ófìnì. Nígbà tó bá ti bò tán, ẹ fi fọ́ọ̀kì fa ìlà sí i lára, kó rí ṣágiṣàgi bí ebè. Orí ebè ló máa ń pọ́n, ló máa ń dún nínú eyín. Ẹ wọ́n ṣíìsì lé e.

Ẹ gbé àwo náà lé orí páànù pẹrẹsẹ kan kí ohun tó bá dà sílẹ̀ má lọ jóná sí ìdí ófìnì. Ìṣẹ́jú 25 sí 30. Ó ti tó nígbà tí orí rẹ̀ bá pọ́n, tí ọbẹ̀ sì ń hó wúyẹ́wúyẹ́ létí àwo. Bí inú bá ti gbóná tí orí ò tíì pọ́n, ẹ tan iná òkè ófìnì fún ìṣẹ́jú 3, kí ẹ má sì kúrò nídìí rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan péré, pípọ́n lè di dúdú.

Ẹ gbé e jáde, ẹ gbé e lé orí igi tàbí aṣọ gbígbẹ. Gíláàsì gbígbóná kò gbọ́dọ̀ kan ibi tó tutù tàbí tó ní omi, ó lè fọ́ gbàù. Ìṣẹ́jú 10 ni kó fi sinmi. Mo mọ̀ pé ebi ti ń pa àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan yìí, ẹ má dá wọn lóhùn. Bí ẹ bá bù ú lójú ẹsẹ̀, á ṣàn káàkiri abọ́. Bó bá ti sinmi, á dúró bí ẹ ṣe gé e. Ìṣẹ́jú 10 yẹn ni mo fi ń bọ kábéèjì. Nígbà tó bá fi máa di agogo méje ààbọ̀, a ti ń jẹun.

Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣu bò ó

Ó ṣeé ṣe, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣu máa ń gbẹ nínú ófìnì ju pòtétò lọ. Ẹ ṣe mílíìkì di ìlọ́po méjì, 200 mìlílítà, kí ẹ sì fi bọ́tà kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹ rún un nígbà tó ń jó ọwọ́, torí iṣu tó bá ti tutù máa ń di kókó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n náà ṣeé sè rún, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Fún èmi, dídùn rẹ̀ ti pọ̀ jù lórí ẹran. Fún ẹni tí kì í jẹ ẹran, ẹ̀wà pupa tí a sè, tí a dín mọ́ ata títí ó fi ki, ń ṣe iṣẹ́ náà láìsí wàhálà.

Màmá kò ní ófìnì ní Ìbàdàn. Ìkòkò ńlá oníyanrìn tí wọ́n fi ń yan kéèkì láyé ọjọ́sí ni wọ́n fi yan tiwọn: yanrìn gbígbẹ ní ìdí rẹ̀, kí ìkòkò gbóná dáadáa kí wọ́n tó gbé àwo irin sí i, kí wọ́n sì dé e pa. Inú rẹ̀ jinná, orí rẹ̀ ò pọ́n. Wọ́n bá kó ẹyin iná lé orí ìdérí irin náà fún bíi ìṣẹ́jú 15, ó sì pọ́n.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń tò ó sínú àwo, tí mo dé e, tí mo gbé e sí fíríìjì. Lọ́jọ́ Ajé, yíyan ló kù. Láti inú fíríìjì, ìṣẹ́jú 40 sí 45 ló ń gbà, ẹ sì jẹ́ kí àwo gíláàsì kúrò nínú òtútù fún ìgbà díẹ̀ kó tó wọ ófìnì. Ẹ fi ọ̀bẹ gún àárín rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kan ọ̀bẹ náà: kó gbóná janjan. Fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru, àárín oúnjẹ ní láti dé 70°C kó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2. Ìlànà Food Standards Agency, àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní ìlú ọba, nìyẹn.

Èyí tí ẹ bá jẹ kù, ẹ má jẹ́ kó sùn sórí sítóòfù bí ọbẹ̀ ata. Kí ó wọ fíríìjì láàárín wákàtí 2, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 2. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ tún un gbé kaná. Fún fírísà, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ nígbà tó bá ti tutù, kí ẹ dì í ní ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oṣù 3 kò ní bà á jẹ́. Kí ó yọ́ nínú fíríìjì láti àṣálẹ́ kí ẹ tó gbé e sí ófìnì. Kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára. Nílé tiwa, ike ice cream mẹ́ta ló wà nínú fírísà lọ́wọ́lọ́wọ́: ọbẹ̀ ata ni ọ̀kan, ẹ̀gúsí ni èkejì, àṣáró òyìnbó ni ẹ̀kẹta. Kò sí ice cream níbì kankan, àwọn ọmọ sì ti ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò.